Àwọn Olùkọ́ Pápá Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ojú oorun ni mo ti kọ́kọ́ mọ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjèèjì. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú Houston, ọ̀sán ni mo sì fi ń sùn. Ilé wa ní Missouri City, ìlú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, fẹ̀yìn ti pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ọgbà onípákó ló yí wa ká. Lẹ́yìn ọgbà ni kòtò àgbàrá tí koríko kún inú rẹ̀, lẹ́yìn kòtò ni wáyà pápá. Bí mo bá ti fa kọ́tìnì, tí mo dùbúlẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn pápá náà á máa yọ́ wọ inú oorun mi. Màá gbọ́ tí irin tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù bá pàdé bọ́ọ̀lù: gán-ún! Màá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan á dé, ohùn jíjinlẹ̀ tí kì í kánjú, bí ẹni tó ń pe ewúrẹ́ wálé nírọ̀lẹ́. Á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tún un ṣe."

Nínú àlá mi, èmi ni ohùn náà ń bá wí. Mo lè máa lá àlá pé mò ń fọ aṣọ létí odò kan tí n kò dé rí, omi á mọ́ tónítóní, ohùn yẹn á sì ní kí n tún un fọ̀. Màá tún un fọ̀. Kò ní bí mi nínú rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sùn báyìí kí n tó mọ ẹni tó ni ohùn.

Ìgbà tí ọmọkùnrin wa wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, tó sì ní bésíbọ́ọ̀lù lòun fẹ́ gbá, ni mo tó fojú rí wọn. Ẹni tó ni ohùn ni gbogbo àwọn ọmọ ń pè ní Kóòṣì Àgbà. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, orúnkún wọn kan kò sì gbọ́ràn mọ́. Tí wọ́n bá ń rìn, ẹ ó rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ń kí. Igbákejì wọn kúrú, ó sanra díẹ̀, Mẹ́síkò làwọn òbí rẹ̀ ti wá sí Texas. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni nígbà tó wá bá Kóòṣì Àgbà ṣiṣẹ́, irun rẹ̀ ti wá funfun síbẹ̀. Òun ló ń tọ́jú iyẹ̀pẹ̀ pápá. Lẹ́yìn tí gbogbo ọmọ bá ti lọ, á mú réèkì, á máa fà á lọ, á máa fà á bọ̀, títí ilẹ̀ náà á fi dán bí iwájú ilé tí ìyàwó tuntun gbá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn méjèèjì ti jọ wà níbẹ̀. Mo mọ bàbá kan tó ń mú ọmọ rẹ̀ wá fún ìdánrawò, tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí kan náà ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ eré náà.

Ọkọ mi kò rí ti eré náà rò. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park ló ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló sì mọ̀ ní bọ́ọ̀lù. Nígbà àkọ́kọ́ tó bá mi lọ wò ó, ó yẹ aago ọwọ́ rẹ̀ wò títí, ó ní, "Eré wo ni èyí tí àwọn èèyàn dúró lójú kan bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì?" Ó padà sínú mọ́tò lọ sùn.

Ẹni tó wá kó gbogbo wa wọ inú ọ̀rọ̀ pápá yẹn ni màmá mi.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi, mo ní kí Màmá wá bá wa gbé fún ìgbà díẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan nítòsí Iléṣà, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Obìnrin tó ń jí rìn yíká àdúgbò kí oòrùn tó yọ ni wọ́n, tó ń kí gbogbo ojúlé. Nígbà tí wọ́n dé Houston, wọ́n dúró lẹ́nu wíńdò títí, wọ́n wo òpópónà wa. Mọ́tò ń wọlé, mọ́tò ń jáde, ilẹ̀kùn gáréèjì ń la ẹnu, ó ń pa á dé.

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé àwọn mọ́tò ló ń gbé ilé wọ̀nyí ni?"

Mo ní, "Àwọn èèyàn wà nínú wọn, Màmá."

"Ó dáa. Tí o bá rí ọ̀kan, kó o pè mí."

Mo ń bẹ̀rù nígbà náà pé ìdákẹ́jẹ́ ilé wa á pa wọ́n. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, màá bá wọn nínú pálọ̀, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n ti wé gèlè, àpò wọn wà lórí itan bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ń lọ. A óò jọ jẹun, màá lọ sùn, wọ́n á sì tún jókòó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo jí, n kò bá wọn nínú ilé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Mo sáré jáde pẹ̀lú aṣọ oorun, mo gba ẹnu ọ̀nà kékeré inú ọgbà onípákó, mo sì rí wọn lódìkejì kòtò. Wọ́n ti gbé àga ike síbẹ̀, wọ́n dé àkéte ọkọ mi, wọ́n sún mọ́ wáyà débi pé orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àwọn ọmọ wà lórí pápá. Wọ́n na ọwọ́ sí ọmọkùnrin mi, tó lóṣòó sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

"Kí lọmọ yín ṣe?"

"Ta ni, Màmá?"

"Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí ni wọ́n ti ní kó lóṣòó. Wọ́n tún wá fi irin bò ó lójú. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rín bò mí mọ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, pé irin ojú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fọ́ ọ léyín. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọn ò gbà pátápátá. Wọ́n ní nílé ẹ̀kọ́ tàwọn, ẹni tó bá pẹ́ dé ló ń lóṣòó.

Nígbà tí ọmọ náà wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó ti màmá àgbà, ó fi síbí, fọ́ọ̀kì àti agolo mílíìkì ṣe àpẹẹrẹ pápá fún wọn lórí tábìlì. Èèyàn kan ń ju bọ́ọ̀lù, èèyàn kan ń gbá a, ó ń sáré yí ká, ó ń fẹsẹ̀ tẹ ibi mẹ́ta kó tó padà síbi tó ti gbéra. Màmá wo agolo mílíìkì yẹn lọ rẹrẹ. Lójijì wọ́n fọwọ́ lu tábìlì.

"Ráúndà nìyí!"

Ọmọ náà ní, "Kí ni ráúndà, Grandma?"

"Eré tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ni! Ráúndà ni wọ́n wá fi irin bojú lé lórí báyìí!"

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jókòó sí pálọ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Bí àwọn ọmọ bá ti tò jáde sórí pápá, Màmá á gbé àga wọn kọjá kòtò.

N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Kóòṣì Àgbà. Ọmọ mi ló sọ fún mi. Ó ní ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù kan tó fò kọjá wáyà, ó sì yí gbirigbiri lọ sídìí àga Màmá. Ẹnì kan ti ń fẹ́ gun wáyà láti lọ mú un. Màmá dìde, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ṣa bọ́ọ̀lù náà, wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì síwájú, wọ́n sì jù ú. Ó gba orí wáyà kọjá, ó balẹ̀ sáàárín pápá. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn.

Kóòṣì Àgbà rọra rìn wá sídìí wáyà, wọ́n ṣí fìlà. "Mà, níbo lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù báyìí?"

Màmá fi òyìnbó olùkọ́ wọn dá wọn lóhùn, èyí tí gbólóhùn rẹ̀ máa ń pé bí aṣọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. Wọ́n ní àwọn ni olùkọ́ eré ìdárayá, pé ráúndà àti eré sísá làwọn ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin.

Kóòṣì Àgbà ní, "Nígbà náà, olùkọ́ pápá ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kóòṣì Àgbà na ìka méjì gba ihò wáyà. Màmá di ìka náà mú, wọ́n bọ̀ ọ́ bí ẹni bọ ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí, ohùn méjì ni mo ń gbọ́ nínú oorun. Tí àwọn ọmọ bá ń mu omi lábẹ́ àtíbàbà, Kóòṣì Àgbà á wá fara ti wáyà, àwọn àti Màmá á sì máa sọ̀rọ̀. N kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó wà létí bèbè. Wọ́n ń sọ nípa ọmọ tó ń sáré tó ń wẹ̀yìn. Wọ́n ń sọ nípa àwọn òbí tó máa ń pariwo jù. Nígbà kan Màmá ń sọ̀rọ̀ òjò, pé òjò Iléṣà máa ń kọ́kọ́ rùn kó tó rọ̀, Kóòṣì Àgbà sì ní ti Houston náà ń rùn, àfi kéèyàn kúrò nínú mọ́tò. Oòrùn á máa yọ́ lórí òrùlé, àwọn ẹyẹ dúdú onírù gígùn wọ̀nyẹn á máa ké bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo, ohùn méjèèjì á máa lọ, á máa bọ̀, màá sì sùn wọra. N kò tíì sùn irú oorun bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú, igbákejì kóòṣì mú tapólì kan wá, ó so ó mọ́ wáyà, kí Màmá lè ní ibòji. Ó so ó tán, ó tún un gbọ̀n wò bóyá ó dúró dáadáa, ó sì padà sídìí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

Báyìí la ṣe wà títí di ọdún kẹta ọmọ mi nílé ẹ̀kọ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìdíje ọdún yẹn, ó wọlé lọ́jọ́ kan, kò bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò ìṣeré lọ́rùn. Ó ní Kóòṣì Àgbà ti pe gbogbo àwọn jọ, pé àwọn máa fẹ̀yìn tì tí ìdíje bá parí. Dókítà ti ní wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ orúnkún wọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni igbákejì wọn ní òun náà ń lọ.

Mo ní, "Kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kẹ̀?"

Ọmọ mi ní, "Ó ní àwọn jọ bẹ̀rẹ̀ ni, àwọn sì máa jọ parí ẹ̀."

Màmá ń ṣa ẹ̀wà lórí tírè nígbà náà. Wọn ò gbójú sókè. "Ṣé wọ́n á yẹ́ wọn sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Grandma. Gbogbo àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí ló ń bọ̀. Ọjọ́ tá a bá gbá èyí tó kẹ́yìn nílé ni."

"Ó dáa. Ó dáa gan-an."

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tí ọmọ náà lọ wẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bí ẹni pé tírè ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

"Ìyànṣẹ́lódì làwọn olùkọ́ wà lóṣù tí mo fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni kankan nílé ẹ̀kọ́ àfi ọdẹ. Mo kó àwọn bọ́ọ̀lù àti igi ráúndà sínú yàrá ìkẹ́rùsí, mo ti ilẹ̀kùn, mo fún ọdẹ ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, 'Ó dọ̀la o, Mà.' Mo ní, 'Ó dọ̀la.'"

Mo fa àga kan sún mọ́ wọn, mo jókòó.

"Mo wá gba àárín pápá kọjá lọ síbi tí mo ti máa wọkọ̀. Koríko ti ga. Mi ò sunkún o. Ebi ló ń pa mí."

Wọ́n fẹ́ èèpo kúrò lórí tírè, wọ́n gbé ẹ̀wà náà fún mi kí n gbé e kaná.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbá ìdíje tó kẹ́yìn nílé. Òjò ti kọ́kọ́ rọ̀ láti òwúrọ̀, òjò Houston tó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ṣí i láti ibì kan. Fèrè ìkìlọ̀ mànàmáná ń dún lórí òpó pápá, gbogbo èèyàn sì jókòó sínú mọ́tò wọn ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, gíláàsì gbogbo mọ́tò ti di kùrukùru. Ní ọ̀sán, òjò dá. Oòrùn yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkùukùu sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ara koríko, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń rìn kọjá lórí pápá kò ní ẹsẹ̀. Láti orúnkún lọ sókè nìkan la rí wọn.

Igbákejì kóòṣì ti wà níbẹ̀, ó ń fi réèkì gbá omi kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ láti inú mọ́tò. Àwọn ọmọ àtijọ́ ni. Àwọn kan ti pá lórí, àwọn kan ti yọkùn, àwọn kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì. Ẹni àkọ́kọ́ ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó gba réèkì kan. Ẹnì kejì mú búrọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tí ogunlọ́gọ̀ wọn fi wà lórí iyẹ̀pẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń gbá omi, tí igbákejì kóòṣì sì ń kígbe lé wọn lórí pé wọ́n ń fà á lódì, gẹ́gẹ́ bó ti ń kígbe lé wọn lórí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ gbẹ, wọ́n sì gbá ìdíje náà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan láti Cypress ló wá bá wa gbá a. Wọ́n nà wá. Mo rò pé kò dun ẹnikẹ́ni púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó parí, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Àwọn ọmọ àtijọ́ tò yí iyẹ̀pẹ̀ náà ká, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn mú bọ́ọ̀lù kan, ó jù ú sí ẹni tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà jù ú síwájú, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ń funfun nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn bí ẹyẹ kékeré kan. Ó yí ká títí ó fi dé ọwọ́ ọmọ mi. Ọmọ mi jù ú sí igbákejì kóòṣì, igbákejì kóòṣì sì rìn lọ, ó fi í lé Kóòṣì Àgbà lọ́wọ́.

Wọ́n gbé makirofóònù fún Kóòṣì Àgbà. Wọ́n gbà á. Wọ́n wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo àwọn ọkùnrin yẹn, wọ́n la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. A dúró. A ń gbọ́ ariwo mọ́tò lójú fíríwè láti ọ̀nà jíjìn. Igbákejì wọn fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kò tíì jáde síbẹ̀, ó sì ti ń pẹ́ débi pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni Màmá ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga onírin alátẹ̀gùn àwọn òǹwòran.

Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lókè orí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: méjì tó lọ́ra, mẹ́ta tó yára. Pá. Pá. Pá-pá-pá! Wọ́n dúró. Wọ́n tún un pa. Pàtẹ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, irú èyí tí olùkọ́ máa ń darí níwájú àwọn ọmọ tó tò láàárọ̀ tí ẹnì kan bá gba ipò kìíní. Gbogbo ojú yí sí wa. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn díẹ̀ gbìyànjú láti bá wọn pa á, ó sì dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Màmá pa mẹ́ta tó yára, wọ́n sì dúró, bí ẹni tó ń retí ìdáhùn.

Ìdáhùn náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò tó wá láti Cypress. Ẹnì kan fẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí àga onírin tí wọ́n jókòó sí: gbì, gbì! Ohùn obìnrin kan sì ké ní Yorùbá, "Ó yẹ yín!"

Ọwọ́ Màmá dúró lókè. Wọn ò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mo rí obìnrin náà tó ń bọ̀, tó ń yí ẹ̀yìn wáyà ká, tó ń rìn, tó tún ń sáré. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà wá. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé dókítà ni, pé ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ní Cypress. Ó dúró nísàlẹ̀ wa, ó gbójú sókè.

"Mà? Ṣé ẹ̀yin nìyí, Mà?"

Kí Màmá tó dáhùn, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú omi òjò tó kù lórí kọnkéré. "Èmi ni mò ń sá ìkẹyìn nínú eré ìje onígi, Mà. Ọdún tá a lọ sí Òṣogbo."

Màmá tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ń wá ojú ọmọdébìnrin kan nínú ojú àgbàlagbà yìí, ó sì pẹ́ díẹ̀.

"Ìwọ tó o máa ń wẹ̀yìn."

Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni, Mà. Mi ò wẹ̀yìn mọ́."

Kóòṣì Àgbà ti sọdá pápá wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tó ń kí ilẹ̀, bọ́ọ̀lù ní ọwọ́ kan, makirofóònù ní ọwọ́ kejì. Wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Dókítà náà dìde, ó nu ojú, ó ní, "Kóòṣì mi nìyí. Bí ẹ ṣe jẹ́ fún àwọn wọ̀nyẹn ni Mà yìí náà ṣe jẹ́ fún wa."

Kóòṣì Àgbà mi orí. Wọ́n gbé makirofóònù sẹ́nu, wọ́n ní, "Mi ò tíì mọ ohun tí mo lè sọ nípa ara mi. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ pápá ju méjì lọ níbí lónìí."

Wọ́n na ọwọ́ sí Màmá. Mo di apá wọn kejì mú, a sì rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sórí koríko. Wọ́n dúró sáàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì, wọ́n kéré láàárín wọn. Àwọn ọmọ, tiwa àti ti àlejò, pẹ̀lú gbogbo àwọn ọmọ àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá bí wọ́n ti máa ń ṣe tí eré bá parí, wọ́n ń bọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Iná pápá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, kò tíì mọ́ dáadáa, gbogbo ojú ló sì dà bí ojú tí mo ti rí níbì kan rí. Màmá ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ bí olùkọ́ tó ń pín ẹ̀bùn. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún ọkùnrin gíga kan, tó tó bàbá ọmọ mẹ́ta, pé, "Nà ró." Ọkùnrin náà sì nà ró.

Ọmọ mi ló kẹ́yìn. Yorùbá tirẹ̀ kò ju oúnjẹ àti ìkíni lọ. Ó ṣì wọ irin àyà àti irin ojúgun rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó dún gbàràgàdà. Ó ní, "Grandma, ẹ kú iṣẹ́."

Màmá gbá a lórí, wọ́n sì di orí náà mú mọ́ra.

Nígbà tí a délé, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn nítorí ẹrẹ̀, mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn le o. Gbogbo wọn."

Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kàn lórí fóònù. A rí ọ̀kan tó ń ta oògùn ní Missouri City níbí, tí a ti jọ ń ra ẹja ní ṣọ́ọ̀bù kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn ilé wa, àwọn obìnrin tó ti ní ewú lórí, wọ́n á máa jiyàn nípa ẹni tí igi eré ìje bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní Òṣogbo, wọ́n á sì yíjú sí Màmá kí wọ́n dá ẹjọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba gbọ̀ngán kan, kí àwọn fi yẹ́ wọn sí. Màmá ní rárá. "Ẹ ti ṣe é," ni wọ́n wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá láìṣe ayẹyẹ, wọ́n ń mú mọ́ín-mọ́ín àti èso dání, nígbà tí ooru bá pọ̀ jù wọ́n á kó wọlé.

Kóòṣì Àgbà pààrọ̀ orúnkún wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igbákejì wọn ra ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìlú, bàrà ló sì ń gbìn síbẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ṣì máa ń yọjú sí pápá láti wo ohun tí wọ́n ń fi iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣe. Kóòṣì tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í mí kó tó sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan tí ìdánrawò tún bẹ̀rẹ̀, Kóòṣì Àgbà tẹ ọ̀pá wá sẹ́yìn ilé wa, mo gbé àga fún wọn, àwọn àti Màmá sì jọ jókòó sódìkejì wáyà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi wọ́n ní nǹkan kan.

Wọ́n wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà títí. "Ó ń yára jù," ni Kóòṣì Àgbà wí.

Màmá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ti yára rí."

Màmá padà sílé nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ní Iléṣà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró, wọ́n ní ilé ń pe àwọn. Èmi náà kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́ lọ́dún yẹn. Mo ń pè wọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ wa, tí í ṣe ọ̀sán wọn, ní àkókò tí mo bá wà nínú mọ́tò lójú fíríwè. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé e, èémí wọn ń lọ sókè sódò, ariwo àwọn ọmọbìnrin ń bẹ lẹ́yìn wọn.

Mo ní, "Màmá, níbo lẹ wà?"

"Mo wà ní pápá. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ni níbẹ̀ báyìí ò mọ ráúndà. Mo ní kí n wá fi hàn wọ́n." Wọ́n yí ojú kúrò nídìí fóònù, wọ́n jágbe mọ́ ẹnì kan, wọ́n tún padà. "Má pè mí lọ́sàn-án mọ́. Mi ò ní ráyè."

Ní ọjọ́ kejì mo tún pè ní àkókò kan náà, bí ọmọ tí kì í gbọ́ràn. Wọn ò gbé e.